Ìdí Tí Owó Kì í Fi Í Tó Ná Ní Èkó: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìdajì àwọn ìbéèrè tó wà níbí wá láti ẹnu àwọn tó ti ń gbé Èkó tipẹ́tipẹ́, ìdajì tó kù wá láti ẹnu àwọn tó ń gbèrò àtikó ẹrù wọn wá láti Ìbàdàn, Òṣogbo tàbí Àkúrẹ́. Ọjà kì í dúró sójú kan, nítorí náà ẹ má ṣe tìtorí iye tí ẹ bá kà níbí lọ máa bá ìyá aláta jà ní Mile 12.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an tí gbogbo nǹkan fi lọ sókè báyìí?

Ohun méjì ló já lu ara wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 2023, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ó kéde pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo bẹntiróòlù ti dópin. Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí lítà epo tí à ń rà ní nǹkan bíi ₦185 fi di ₦488 ní ilé epo NNPC l'Ékòó. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, báńkì àpapọ̀ CBN yọwọ́ lọ́rọ̀ náírà pé kó lọ wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi ₦470 lọ́dọ̀ ìjọba tẹ́lẹ̀ kọjá ₦1,500 kí oṣù Kejì 2024 tó parí. Epo náà ò sì dúró. Ní oṣù Kẹwàá 2024, lítà kan ti di ₦998 l'Ékòó, kó tó wá rọlẹ̀ díẹ̀ ní 2025 nígbà tí ilé ìfọpo Dangote tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí bẹ̀rẹ̀ sí í já owó epo tirẹ̀ wálẹ̀.

Àwọn èèyàn a máa di ẹ̀bi tòmátì ru bẹntiróòlù. Bẹntiróòlù kọ́ ni tírélà tó ń kó tòmátì láti Kano àti Kaduna wá sí Mile 12 ń mu, dísẹ́ẹ̀lì ni, dísẹ́ẹ̀lì sì ti kúrò lábẹ́ owó ìrànwọ́ tipẹ́ kí Tinúbú tó dé. Dọ́là ló ń darí rẹ̀, bó ṣe ń darí táyà, páàtì ọkọ̀ àti ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń rà. Ẹ wá fi ti àwọn agbébọn tó lé àgbẹ̀ kúrò lóko ní Benue, Zamfara àti Kaduna kún un. Ibi tí bẹntiróòlù ti ń fìyà jẹ wá tààrà ni dáńfó, màrúwá, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń kùn lẹ́yìnkùlé.

Ìjọba ní ọ̀wọ́ngógó ti ń lọ sílẹ̀. Kí ló dé tí èmi ò rí i lọ́jà?

Ní oṣù Kejìlá 2024, àjọ tó ń ṣètò ìṣirò nílẹ̀ yìí, NBS, sọ pé ọ̀wọ́ngógó jẹ́ 34.80%. Oṣù kan péré lẹ́yìn náà, wọ́n ní ó ti di 24.48%. Kì í ṣe pé ọjà já wálẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Wọ́n yí ọdún tí wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n kúrò ní 2009 sí 2024, wọ́n sì tún àwọn ọjà tí wọ́n ń kà tò. Ó tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n ṣe é, torí ohun tí a ń ná owó lé lórí ní 2009 kọ́ là ń ná an lé báyìí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà méjèèjì wéra kó wá máa yọ̀.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìdá ọ̀wọ́ngógó ń sọ bí ọjà ṣe ń yára lọ sókè tó. Kò sọ ibi tí ọjà wà. Ẹni tó ń sáré gun òkè tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọra rìn, kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn nǹkan kan sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́ ní 2025, ìrẹsì àti gààrí wà lára wọn. Owó ilé kò sọ̀. Owó ọkọ̀ kò sọ̀. Àwọn méjì yìí ni kò ṣeé dín kù nínú ìkòkò.

Wọ́n ti fi kún owó oṣù tó kéré jù. Ṣé kò tó ni?

Ẹ jẹ́ ká fi epo wọ̀n ọ́n. Owó oṣù tó kéré jù jẹ́ ₦30,000 láti 2019. Nígbà tí lítà epo wà ní ₦185, owó yẹn á ra nǹkan bíi lítà 162. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, 2024, wọ́n buwọ́ lu ₦70,000. Tí lítà kan bá wà ní ₦900, lítà 78 ló lè rà. Èkó fi tiẹ̀ lé e, Gómìnà Sanwó-Olú kéde ₦85,000 ní oṣù Kẹwàá 2024, ìyẹn á ra bíi lítà 94. Owó pọ̀ lójú ìwé, agbára rẹ̀ ló kéré. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni mò ń sọ yìí o. Ọmọbìnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ní Ìdúmọ̀tà, ọ̀gá rẹ̀ lè má tíì gbọ́ pé ohun kan wà tó ń jẹ́ owó oṣù tó kéré jù.

Láńlọ́ọ̀dù mi fẹ́ fi ìlọ́po méjì kún owó ilé. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́?

Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ṣe ní 2011 nígbà Gómìnà Fáṣọlá, kò sọ iye tí onílé gbọ́dọ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ó fún ayálégbé láàyè láti lọ sílé ẹjọ́ pé àfikún yìí ti kọjá bó ṣe yẹ, kí adájọ́ wo iye tí wọ́n ń gbà lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Ẹ̀tọ́ yìí ni àwọn èèyàn kì í lò, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé onílé á lé wọn. Òfin náà ti ronú nípa ìyẹn pẹ̀lú. Ayálégbé tó ń san owó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí nótíìsì oṣù mẹ́fà, àyàfi tí ìwé àdéhùn yín bá sọ nǹkan mìíràn. Onílé tó bá yọ òrùlé, tó tú ilẹ̀kùn, tàbí tó fi ọmọọ̀ta halẹ̀ mọ́ ayálégbé láìgba àṣẹ ilé ẹjọ́, ó ti rúfin. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦250,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Ti ọdún méjì tí wọ́n máa ń bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Òfin kan náà ní onílé ò gbọ́dọ̀ gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ẹni tó san án náà rúfin bíi ti ẹni tó gbà á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹn ló pa gbogbo ẹnu mọ́. Ẹ sì rántí pé òfin yìí kò dé Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà.

Kò dìgbà tí ẹ bá lówó agbẹjọ́rò. Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó máa ń pe onílé àti ayálégbé jókòó lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ onílé tó ń fọ́nnu nílé ló ń rọ̀ wọ̀ọ̀ níbẹ̀. Tó bá di ẹjọ́, ẹ wá Office of the Public Defender lọ. Ẹ má gbàgbé rìsíìtì. Ẹ̀tọ́ yín ni lábẹ́ òfin, ẹ ó sì rí ìwúlò mìíràn tó ní nígbà tí a bá dé orí owó orí.

Wọ́n ní ilé ₦800,000 ni. Kí ló dé tí ajẹ́ntì ń bèèrè ju mílíọ̀nù kan lọ?

Torí pé "tótà páàkéèjì" ni wọ́n ń pè é. Ọdún kan ₦800,000, àgírímẹ́ǹtì 10%, kọmíṣọ̀n 10%, lẹ́yìn náà owó kọ́ṣọ̀n tí wọ́n á ní àwọn á dá padà tí ẹ bá ń kó lọ. Tí kọ́ṣọ̀n bá jẹ́ ₦50,000, ₦1,010,000 rèé. Àgírímẹ́ǹtì yẹ kó jẹ́ owó agbẹjọ́rò tó kọ ìwé. Níbi púpọ̀, ajẹ́ntì náà ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ẹ bèèrè orúkọ agbẹjọ́rò, ẹ bèèrè bóyá ajẹ́ntì ní ìwé àṣẹ LASRERA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé. Nígbà mìíràn ìbéèrè yẹn nìkan á já owó náà wálẹ̀. Má san owó "ìwolé" fún ẹni mẹ́wàá kí o tó rí ilé kan.

Ṣé kí n lọ gba ilé ní Mowé tàbí Ìbàfò, kí n máa wá sí Ìkẹjà láti ibẹ̀?

Èyí ni ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ìdáhùn mi ni pé ẹ má ṣe ka owó ilé lọ́tọ̀, kí ẹ ka owó ọkọ̀ lọ́tọ̀. Owó kan náà ni.

Ká sọ pé yàrá kan àti pálọ̀ jẹ́ ₦400,000 ní Mowé, irú rẹ̀ sì jẹ́ ₦900,000 ní Ọgbà. Ẹni tó bá fi ojú ilé nìkan wò ó á ní òun jèrè ₦500,000. Ká wá sọ pé ẹ ń ná ₦2,000 ju ẹni tó wà l'Ọ́gbà lọ lójúmọ́, lílọ àti bíbọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù, ₦44,000. Ọdún kan, ₦528,000. Èrè ti tán, ẹ ṣì máa jí láago mẹ́rin àárọ̀, tí ẹ máa wọlé láago mẹ́sàn-án alẹ́ torí gọ̀slóò Berger. Oúnjẹ tí ẹ ń rà lójú ọ̀nà torí pé kò sí àyè láti dáná, èmi ò tíì kà á.

Kí ló wá dé tí Mowé, Ìbàfò, Magboro, Akútè àti Ṣàngó Ọ̀tà fi kún dẹ́múdẹ́mú? Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ò mọ ìṣirò. ₦44,000 ṣeé wá díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù. ₦900,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbo ni òṣìṣẹ́ tó ń gba ₦150,000 ti máa rí i? Ọgbọ́n tí Èkó fi ń jẹ tálákà níyà nìyẹn. Ẹni tó ní owó gọbọi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ń ra nǹkan ní pọ́ọ́kú, ẹni tó ń rí i wẹ́wẹ́ ń ra nǹkan kan náà ní ọ̀wọ́n. Ẹ ó rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọjà, lórí iná, àti nínú gbèsè.

Tí ẹ bá ní iṣẹ́ tí ẹ ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ péré, ọ̀rọ̀ yí padà, ẹ lọ sí Mowé. Tó bá jẹ́ pé ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ìyàwó ní ṣọ́ọ̀bù l'Ágége, ẹ dúró sí ẹ̀bá Agége, kódà kó jẹ́ yàrá kan.

Ọkọ̀ wo ló dín owó kù?

Ọkọ̀ ojú irin, tó bá gba ọ̀dọ̀ yín kọjá. Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, 2023, láti Marina dé Mile 2. Red Line bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2024, láti Agbádò dé Òyìngbò, ó gba Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Oṣòdì, Mushin àti Yaba kọjá. Káàdì Cowry kan náà lẹ ó fi wọ ọkọ̀ ojú irin àti BRT. Ẹ̀wẹ̀, iye rẹ̀ kì í yí padà torí òjò rọ̀. Dáńfó ₦500 lè di ₦1,000 láàárín wákàtí kan tí ojú ọ̀run bá ṣú, kọ́ńdọ́ á sì tún ní "ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o."

Ọkadà ò sí nínú ìṣirò mọ́ fún ọ̀pọ̀ wa. Láti oṣù Kẹfà 2022 ni wọ́n ti lé e kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà àti Súrùlérè wà lára wọn.

Báwo ni mo ṣe lè ra oúnjẹ tí owó ò ní tán kíá?

Ẹ wo bí a ṣe ń ra ìrẹsì. Àpò kan, kóńgò, díríkà, tàbí ti inú ọ̀rá tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀ ní iwájú ilé. Bí òṣùwọ̀n ṣe ń kéré sí i ni iye rẹ̀ ń wọ́n sí i, torí gbogbo ọwọ́ tó gbà á kọjá ló ti jẹ níbẹ̀. Òróró bẹ́ẹ̀, mílíkì bẹ́ẹ̀, ọṣẹ bẹ́ẹ̀. Ìdílé tó ń ra òróró inú ọ̀rá lójoojúmọ́ ń san owó ju ìdílé tó ra kẹ́ẹ̀gì lọ, bẹ́ẹ̀ ìdílé àkọ́kọ́ ni kò lówó.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pínpín. Àwọn obìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún ládùúgbò á dá owó, ẹni méjì á lọ sí Dálékò fún ìrẹsì àti ẹ̀wà, tàbí Mile 12 fún ata, wọ́n á pín in sórí nílé. Kí àwọn tó ń lọ má pọ̀, torí owó ọkọ̀ èèyàn márùn-ún á jẹ èrè rẹ̀ tán. Ẹ gbé rọ́bà pẹ́ńtì tiyín dání fún gààrí. Àwọn kóńgò kan wà tí wọ́n ti tẹ ìdí wọn wọnú, oníbàárà tó bá mọ̀ á ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kó tó sọ pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n.

Ata ní àsìkò. Láti ìgbà Kérésì títí dé nǹkan bí oṣù Kẹta, tòmátì máa ń pọ̀, apẹ̀rẹ̀ á sọ̀. Nígbà tó bá fi di oṣù Karùn-ún sí Keje, ó ti lọ sókè. Kò sì yẹ kó yà yín lẹ́nu tí àrùn bá tún kọlù ú, bíi ti kòkòrò Tuta absoluta tó jẹ oko tòmátì run ní Kaduna ní 2016, èyí tí wọ́n sọ ní Ẹbólà tòmátì. Ẹni tó bá lè ra apẹ̀rẹ̀ kan ní oṣù Kejì, kó lọ̀ ọ́, kó sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, kó da òróró lé e lórí, ó ti ra ọbẹ̀ oṣù Karùn-ún sílẹ̀. Gáàsì tó máa jó wà nínú owó náà, ẹ kà á mọ́ ọn.

Ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ ọjà ọjọọjọ́ Àìkú kan ní oṣù Kẹta 2024, wọ́n pè é ní Oúnjẹ Èkó, ẹ̀dínwó rẹ̀ jẹ́ 25%. Ó dára fún ẹni tó débẹ̀ ní kùtù. Mi ò rò pé ọjà ọjọ́ Àìkú lè dá dọ́là dúró.

Wọ́n fi wa sí Band A. Ṣé iná tí à ń lò ti wọ́n ju jẹnẹrétọ̀ lọ ni?

Rárá o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dunni. Ní oṣù Kẹrin 2024, yúníìtì kan lórí Band A, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn tó yẹ kí iná wọn pọ̀ jù, fò láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225, wọ́n wá dín in kù díẹ̀ sí nǹkan bíi ₦209. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í fi lítà epo kan mú ju yúníìtì kan sí méjì jáde. Pẹ̀lú epo ₦900, ó kéré tán yúníìtì kan ti tó ₦450, láìka ọ́ìlì àti owó mẹkáníìkì.

Ohun tó ń fa mítà ni ohun tó ń gbóná àti ohun tó ń tutù. Éésì kékeré tó ń fa nǹkan bíi 0.75 kílówáàtì, tí ẹ bá tàn án fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, á jẹ yúníìtì 4.5, ìyẹn bíi ₦940, tàbí ₦28,000 lóṣù. Gílóòbù kọ́ ni ọ̀tá yín. Áyọ́ọ̀nù ni ẹ sọ́, ẹ máa lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún Band A. Tí ẹ kò bá rí i, tó sì di ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ iná yín pé kí wọ́n já yín sí bándì tó yẹ yín. Láti 2025, LASERC ti ìjọba Èkó ló ń bójú tó ẹjọ́ wọn.

Àjọ ni àbí áàpù ayánilówó?

Àjọ. Èésú tí ẹ̀yin mẹ́wàá ń dá lóṣooṣù ló ń sọ owó wẹ́wẹ́ di owó gọbọi láìsí èlé. Ẹ sọ pé kó kàn yín ní oṣù tí owó ilé yín bá pé, àwọn tó mọ̀ ọ́n dá máa ń fi ọjọ́ owó ilé pín in ni. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ náà dára, èlé wọn kì í pani.

Áàpù a máa yá èèyàn lówó láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà wọ́n á ti máa tẹ bàbá ìyàwó rẹ láago. Tó bá di dandan, ẹ yẹ orúkọ wọn wò lára àwọn tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, fún ní àṣẹ, ẹ má sì gbà kí áàpù kankan wọnú nọ́ńbà tó wà lórí fóònù yín.

Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Pọ́n-ùn ti lọ sókè, kí ló dé tí ìyá mi ṣì ń ní owó tí mò ń fi ránṣẹ́ kò tó?

Ìyá yín ò purọ́. Pọ́n-ùn kan kò tó ₦1,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ó ti kọjá ₦2,000 nígbà tí 2024 ń parí lọ. Àpò ìrẹsì tí kò tó ₦40,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 kọjá ₦80,000 ní 2024. Ohun tí ẹ jèrè lójú pọ́n-ùn, ọjà ti gbà á padà.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ dín èyí tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kù, kí ẹ san owó ilé ọdún kan fún wọn lẹ́ẹ̀kan, tàbí kí ẹ ra àpò ìrẹsì àti kẹ́ẹ̀gì òróró sílẹ̀ fún wọn. £30 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ á bá díríkà lọ.

Ṣé òfin owó orí tuntun ṣe wá lóore kankan?

Fún àwọn kan, bẹ́ẹ̀ ni. Láti oṣù Kìíní 2026, ẹni tí gbogbo owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju ₦800,000 lọ kò ní san owó orí lórí rẹ̀. Ayálégbé tó ń san owó orí lè yọ 20% owó ilé rẹ̀ kúrò nínú owó tí wọ́n máa ka owó orí lé lórí, kò sì gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Tí owó ilé yín bá jẹ́ ₦900,000, ₦180,000 ni wọ́n á yọ. Ẹ ó nílò ẹ̀rí, ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹ gba rìsíìtì. Onílé tí kò fẹ́ kí ìjọba mọ iye tó ń gbà lè máa ni yín lára.

Ṣé kí n kúkú padà sí Ìbàdàn?

Tí iṣẹ́ yín bá ṣeé gbé lọ, ẹ lọ. Ilé kò wọ́n níbẹ̀ tó ti Èkó, oko sì sún mọ́ Bódìjà ju bó ṣe sún mọ́ Mile 12 lọ. Tí ẹ bá ń tajà tí èrò Èkó ló ń rà á, ẹ ò ní rí irú wọn níbòmíràn. Ọkọ̀ ojú irin wà láti Èbúté Mẹ́ta sí Mọníyà ní Ìbàdàn láti 2021, àwọn kan ń gbé ìdílé wọn sí Ìbàdàn, wọ́n ń sùn sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ l'Ékòó láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní yàrá tó ṣófo. Kí ẹ tó kó ẹrù, ẹ kọ́kọ́ lọ gbé níbẹ̀ fún oṣù kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ná sílẹ̀, títí kan owó ọkọ̀ máíkírà.